Ta Ló Bá Wọn Yí Igi Tùràrí?

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ajá ọlọ́pàá sín kó tó gba kámú. Ó sín lẹ́nu ọ̀nà, ó sín nídìí kọ́bọ́ọ̀dù, nígbà tó sì dé ibi tí wọ́n to àtẹ igi tùràrí sí, ó sín mẹ́rin léra wọn, ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bo imú, ó wá ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ohun tóun fi ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ò jiyàn. Òun náà sín, ó fa ajá rẹ̀ jáde, wọ́n bá tiwọn lọ. Bó ṣe ku èmi àti Ọ̀gá Kílódé nìyẹn.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, Sájẹ́ǹtì ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gbogbo àgọ́ wa ló sì mọ̀ pé imú mi kì í purọ́. Mo lè dúró ní òpópónà kan kí n mọ ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná ní òpópónà kejì. Ọ̀gá Kílódé ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí mò ń tẹ̀ lé kiri. Obìnrin ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ kì í sinmi, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún un tí kò ní bi yín pé kí ló dé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀fìnkìn ti dí i nímú pa. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán èèyàn: ohun olóòórùn ló sọnù, ẹni tí kò gbóòórùn ni wọ́n ní kó lọ wá a. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí pé òun ló ń buwọ́ lùwé ìgbéga mi, mo gbé ẹ̀rín náà mì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni ilé ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tùràrí, òkè ni ìdílé ń gbé. Tùràrí tiwọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kàn ń rì bọ lọ́fínńdà tí yóò máa ta èèyàn nímú bí ata. Oje igi ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ eedú lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ igi tín-ín-rín lára, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àtẹ níbòòji kó gbẹ. Ẹ dáná sí ẹyọ kan ní pálọ̀ yín láàárọ̀, títí ìrọ̀lẹ́ ni ilé yóò máa ta sánsán bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Ògidì oje tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó dára jù, agolo kan ṣoṣo ló kù, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì ló sì wà. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ò bá agolo.

"Ẹ ò tiẹ̀ nílò ajá yẹn," Ìyá Alátùràrí wí. Òun ló ń darí iléeṣẹ́ náà, obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ sì ń dún wìnrìnwìnrìn níbàdí rẹ̀ tó bá ń rìn. "Mo ti mú olè mi. Ìwé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kọ, kí n lè fi lé bàbá ẹ̀ lọ́wọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fi pè wá?" Ọ̀gá Kílódé bi í.

"Kò fẹ́ jẹ́wọ́ ni."

Olè tó ń wí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rin péré ni ọmọbìnrin náà tíì lò nínú ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè, ó sì bá kóró oje kan tó tó ẹyin ẹyẹlé, tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé.

"Aago méjìlá ọ̀sán àná lèmi àtọmọ mi gbé ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù," Ìyá ń ka ìka. "Àǹtí tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ yọ eyín. Aago márùn-ún la dé. Ta ló wà nílé? Òun nìkan!"

"Wọ́n ní ẹ lọ́kọ, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wo? Orúnkún Bàbá ti kú láti ọdún tó kọjá. Orí àga tí mo bá gbé wọn sí láàárọ̀ náà ni mo máa ń bá wọn. Ẹ gbọ́, tó bá ti di aago mẹ́rin òní, ọmọ mi á fi mọ́tò gbé ìyàwó ẹ̀ padà sílé bàbá ẹ̀. Mi ò lè bá olè gbé ilé kan."

Ọmọ tó ń wí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká..."

"Ká ṣe kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Mo pa ìwé mi dé. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí, ebi sì ti ń pa mí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kílódé wo aago, ó rí i pé mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ó nu imú, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sókè.

* * *

Pálọ̀ la gbà kọjá ká tó dé ilé ìdáná. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ tó nípọn bora láti ọrùn dé ẹsẹ̀ nínú ooru tó ń jẹ́ ká làágùn, ó gbé etí ti rédíò ńlá ayé àtijọ́ kan. Òun ló dá iléeṣẹ́ tùràrí náà sílẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Dókítà ló sọ pé eruku eedú ti wọ̀ ọ́ láyà, pé kó má dé ìsàlẹ̀ mọ́, látìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí. "Ìròyìn ni mò ń gbọ́."

Mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ ohunkóhun. Mo ní bóyá etí àgbà ló yàtọ̀ sí tèmi.

Ọ̀gá Kílódé kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ti kú, ọmọ mi. Ìsìnkú ẹ̀ ló kù."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó yọ súìtì ọ̀fìnkìn kan nínú báàgì, ó nà án sí i. Bàbá ò na ọwọ́. Ó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Ọ̀gá fi ju súìtì náà sí i lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kẹ́ òun ni mo pè é.

Ìyàwó wà nílé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo mọ̀ pé kò sùn.

"Ta ló fún ẹ ní oje yẹn?" Ọ̀gá bi í.

"Mi ò lè sọ, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo ti ṣèlérí ni."

"Wọ́n máa lé ẹ lọ lónìí o. Ṣó o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà." Omijé ti dé, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ nù ún, ìyẹn wá jẹ́ kó sunkún sí i.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn máa ń gbóòórùn ẹ̀ kí n tó sùn ni, mà. Káfíńtà ni bàbá mi. Oje pákó tútù ni gbogbo ilé wa máa ń rùn. Ibí yìí, wọ́n ń ṣe òórùn tà fún gbogbo èèyàn, àmọ́ tí mo bá wọ yàrá mi, mi ò gbóòórùn ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀."

"Ṣé ìwọ náà mọ tùràrí ṣe?"

"Rárá o. Mọ́mì ò tíì jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ ilé ná."

A jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti jẹ́wọ́ tán. Ó lóun ń gbóòórùn ẹ̀."

"Sájẹ́ǹtì, èèyàn kì í dá nìkan ṣèlérí. Ẹnì kan wà tó ṣe é fún. Ẹni yẹn la ń wá."

* * *

Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni a ń wá, mo mọ ẹni tó jẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé nínú ilé tó fara ti iléeṣẹ́ náà, lẹ́tà mẹ́fà ló sì ti kọ sí àgọ́ wa pé òórùn tùràrí ń dí òun lọ́wọ́. Mo mú Ọ̀gá lọ síbẹ̀. Bí Tíṣà ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, imú mi fò sókè. Oje! Inú ilé náà kún fún òórùn oje. Ara mi yá gágá. Mo wọlé láìgbàṣẹ, mo fi ìdí lélẹ̀ lórí àga tó wà láàárín ilé bí ọlọ́pàá tó ti mú nǹkan.

"Má jókòó síbẹ̀!" Tíṣà ké.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá béèrè.

"Àárọ̀ yìí ni mo fi fáníìṣì kun àga yẹn."

Ó ti pẹ́ jù. Mo gbìyànjú láti dìde, àga náà bá mi dìde. Èmi àti Tíṣà ja ìjà díẹ̀, ó di àga mú, Ọ̀gá di èmi mú, nígbà tá a fi máa pínyà, ẹ̀yìn ṣòkòtò iṣẹ́ mi ti ń dán bí àga pálọ̀. Mo ń sọ fún yín pé imú mi kì í purọ́. Oje ni wọ́n fi ń ṣe fáníìṣì. Imú mi kàn ò ṣàlàyé ni.

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo jí i," Tíṣà wí, inú ń bí i nítorí àga rẹ̀, "odò ni ǹ bá dà á sí, ǹ bá sì pè yín kẹ́ ẹ wá bá mi pàtẹ́wọ́. Mi ò sùn lánàá rárá. Ọ̀sán ni mo máa ń sùn. Wọ́n gbé mọ́tò jáde, mo ní ẹ ṣeun Olúwa, òní ni n ó sinmi. Mi ò tíì pajú dé, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin níbi iṣẹ́ wọn. Láti aago kan títí di mẹ́rin ààbọ̀!"

"Orin wo?"

"Irú orin tẹ́ni tínú ẹ̀ dùn máa ń kọ lábẹ́ imú. Hùn-ùn hún hùn-ùn. Mo gbá ògiri, kò gbọ́."

Ọ̀gá Kílódé dúró lójú pópó, ó gbàgbé láti nu imú. "Olè tó kọrin fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Sájẹ́ǹtì, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Agolo kan ló mú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó."

Mo ní bóyá ó ń sinmi ni.

* * *

A padà sí ìsàlẹ̀ ilé. Ẹni tó ń gbóòórùn ì bá fimú wá a, àmọ́ Ọ̀gá ò ní imú lọ́jọ́ náà, ó bá ń fi ojú wá gbogbo nǹkan. Ó yẹ àgádágodo wò, kò sí ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ìlà méjì wà níbẹ̀, funfun báláú, bíi pé wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì tún tì í padà. A jọ fà á. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ju ìṣó mẹ́rin lọ, ìṣó náà sì ti dẹ̀ débi pé Ọ̀gá fi ìka fà á yọ.

"Ẹni tó mọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yìí ju iwájú ẹ̀ lọ ló ṣí i," ó wí.

Ìgbà yẹn ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ọlọ́wọ́-Dúdú gbé omi wọlé. Ogún ọdún ló ti fi ń yí tùràrí, eedú ti wọ̀ ọ́ níka débi pé ọṣẹ kankan ò lè mú un kúrò, ibẹ̀ ló ti gborúkọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Ọ̀gá bi í nípa àtẹ mẹ́jọ tó wà lára ògiri.

"Lánàá ni mo ṣe wọn," ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan sọ̀rọ̀. "Aago méjìlá ni mo tẹ́ wọn tán, mo bá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ọlọ́run ló tiẹ̀ bá wa ṣe é, ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe tọ́!"

"Kí ló dé? Ṣé ó yẹ kí wọ́n wọ́ ni?"

"Háà! Tútù ni wọ́n o. Gbogbo ààbọ̀ wákàtí lèèyàn gbọ́dọ̀ máa yí wọn. Téèyàn ò bá yí wọn, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á tutù, igi á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nígbà táwọn Mọ́mì wá gbé mi, tá a jọ ń bọ̀ lánàá, mo ti gbà fún Ọlọ́run pé gbogbo ẹ̀ á ti bàjẹ́. La bá dé, la bá a tó tọ́ gbọọrọ. Mọ́mì ní àdúrà tàwọn gbà lójú ọ̀nà ló gbà."

Ọ̀gá Kílódé sín. Ó tún sín. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń dán, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fìnkìn.

"Sájẹ́ǹtì, bá mi rò ó. Olè kan wọlé láti jí agolo. Ó kọjá lára àtẹ mẹ́jọ tó ń gbẹ. Ẹ̀rù ò bà á, kò sá, ó dúró, ó ń bá àwọn tó ń jà lólè yí igi wọn, ó sì ń kọrin. Èmi àtìwọ lè dúró níwájú àtẹ yìí títí di ọ̀la, ọwọ́ wa ò ní lọ síbẹ̀. Ìyàwó yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń yí i. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí títí tó fi wọ̀ ọ́ lára nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó fẹ́ jalè, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà fún un kó má ṣiṣẹ́."

Mo pàtẹ́wọ́. "Ó ti yé mi!" Mo yíjú sí Àǹtí Ọlọ́wọ́-Dúdú, mo na ìka sí i. "Ìyá àti ọmọ ẹ̀ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí tá ò mọ ibi tó wà! Eyín wo lo lọ yọ?"

Obìnrin náà ò bá mi jà. Ó kàn sún mọ́ mi, ó la ẹnu gbàgà, ó sì gbé ihò eyín rẹ̀ sí mi lójú. Mo rí ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí. Ó tún yọ ìwé oníṣègùn eyín jáde: aago kan ló dé ibẹ̀, aago mẹ́rin ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ọ̀gá rọra dá ìwé náà padà sí i lọ́wọ́, ó sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wá ku ta ni, Ọ̀gá?" mo bi í.

Ó bẹ Àǹtí pé kó ṣe àtẹ tuntun kan fún òun.

* * *

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, gbogbo ilé ti pé sí pálọ̀ òkè. Àpótí ìyàwó ti wà nínú mọ́tò nísàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti gbé e lọ síbẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ kó lọ. Ọ̀gá Kílódé gbé àtẹ tútù tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kalẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, níbi tí oòrùn fèrèsé ti ń ràn sí i tààrà.

"Ẹ má gbé e sí oòrùn!" Ìyá ké.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀yin, ọmọ yín, àti Àǹtí, ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àtẹ yìí nínú yín, màá mú un lọ sí àgọ́."

Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀fìnkìn rẹ̀ fún wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí imú ọ̀tún ṣe kọ́kọ́ dí, tí òsì tún wá dí. Mo ti ń bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, mi ò gbọ́ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ojú Ìyá wà lórí àtẹ. Àǹtí Ọlọ́wọ́-Dúdú pajú dé kó má baà rí i. Ọmọ ilé ń jẹ èékánná. Ìyàwó nìkan ni kò wo àtẹ, aago ara ògiri ló ń wò.

Bàbá ní tirẹ̀ wo òrùlé. Ó wo rédíò. Òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀. Oòrùn sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí tùràrí. Igi àkọ́kọ́ gbé orí sókè díẹ̀, èkejì náà gbé tirẹ̀.

"...ó wá di ọjọ́ Ajé," Ọ̀gá ń bá ìtàn lọ, "ikọ́ tún dé..."

Igi kẹta tẹ̀. Aṣọ tó bo Bàbá lára mì. Ọwọ́ kan yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí orí ahun. Ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà, ó yí ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó kọjá èkejì, ó yí ìlà kejì, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ imú rẹ̀: hùn-ùn hún hùn-ùn. Kò rí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú wa. Nígbà tó yí èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tán, tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé ìkángun tábìlì, ó dìde. Ó rìn yí tábìlì po. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń fojú díwọ̀n bóyá igi náà tọ́.

"Orúnkún!" Ìyá figbe ta.

Bàbá dúró. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Eedú dúdú ti wọ inú èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kì í sì í ṣe eedú òní nìkan. Ó fẹ́ padà sórí àga, ó rí i pé kò ní láárí mọ́.

"Bàbá," Ọ̀gá Kílódé wí jẹ́jẹ́, "rédíò yẹn, kí ló ń sọ?"

Èmi ni mo ṣí ẹ̀yìn rédíò náà. Kò sí wáyà kankan nínú rẹ̀. Agolo oje ló jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun, kóró kan ṣoṣo ló sì dín.

Ìyá jókòó gbì sórí ilẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ẹkún ló sun. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni? Dókítà sọ fún yín! Mo tìlẹ̀kùn, mo kó kọ́kọ́rọ́ sára bí ọmọ, torí kẹ́ ẹ lè wà láàyè ni. Ṣé eré lẹ pe àyà yín?"

"Láàyè," Bàbá wí. "Ìyá ọmọ mi, o gbé mi sórí àga láàárọ̀, o gbé mi kúrò lálẹ́. Mo ti di ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ jalè. Mo gbọ́ tí ọmọ yìí ń sunkún nídìí abọ́, mo bi í, ó sọ bí ilé bàbá ẹ̀ ṣe ń rùn fún mi. Mo mọ òórùn yẹn. Mo ní kí n mú kóró kan wá fún un. Mo dé ìsàlẹ̀, mo bá àtẹ mẹ́jọ tí kò sẹ́ni tó ń yí wọn." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo rántí pé ẹ máa tó dé, mo gbé agolo lódindi sá gòkè. Ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù láti ọdún kan nìyẹn."

"Wọ́n wá fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí yín, ẹ ń jẹ súìtì," Ọ̀gá wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bàbá tẹrí ba níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Mo ní n ó sọ ọ́ láàárọ̀. Mo tún ní ó di ọ̀sán. Ẹ̀rù ìyá yìí ló ń bà mí. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Dárí jì mí."

Ìyá yíjú sí ìyàwó. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tó ò sọ?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa ti ilẹ̀kùn òkè náà pa. Mọ́mì, ẹ má bínú. Èmi náà mọ bó ṣe máa ń rí lára, téèyàn bá wà nínú ilé tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, mo rí ibi tó bá Ìyá. Àǹtí Ọlọ́wọ́-Dúdú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní, "Mọ́mì, lílọ̀ ló ní eruku o. Yíyí kò ní. Ẹ lè máa gbé àtẹ gòkè wá fún wọn."

Lákòókò yẹn ni aago mẹ́rin lù. Ọmọ ilé, tí kò tíì gbọ́ àṣẹ mìíràn, nu ojú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ká máa lọ ni?"

Ìyá dìde, ó bọ́ sójú àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, tó sì tún pa dé. Nígbà tó yọ, àpótí ìyàwó wà lórí rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó sáré pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e. Ó wúwo."

"Fi í sílẹ̀," Ìyá wí. "Èmi ni mo ní kó jáde. Èmi náà ni màá gbé e wọlé."

Ó gbé e kọjá lára gbogbo wa láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó wọ yàrá ìyàwó, a sì ń gbọ́ tó ń yọ aṣọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi wọ́n kọ́ padà.